Ẹ̀yìn Ọ̀gá Àgbà

"Ẹ tún ti dojú délẹ̀ sùn lánàá, àbí?"

Ọ̀rọ̀ yìí ti bọ́ lẹ́nu Dókítà Àtàǹpàkò kó tó mọ̀ pé òun sọ̀rọ̀. Èyí tó tún wá burú jù ni pé ọwọ́ ti ṣáájú ẹnu. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wà lẹ́yìn ọkùnrin kan tó dúró de ẹ̀rọ agbéniròkè, lábẹ́ eegun èjìká òsì, ó ń tẹ ibẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó bóyá ọsàn ti rọ̀.

Ọkùnrin náà yí padà wìì. Kóòtù aláwọ̀ eérú ló wọ̀, bàtà rẹ̀ ń dán gbinrin, káàdì iléeṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó tẹ̀ lé e dúró sójú kan bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn la ẹnu sílẹ̀, kò rántí pa á dé.

"Yéè!" Ìyá Ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ wá fa Dókítà lápá ẹ̀wù. "Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹ́? Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ adójútòfò yìí lò ń tẹ̀ lẹ́yìn yẹn o!"

Ẹ má dá Dókítà lẹ́bi jù. Iṣẹ́ ẹni ní í kọ́ni níwà. Láti ìgbà tó ti ń fọwọ́ tún eegun ẹ̀yìn àwọn èèyàn ṣe, títí àwọn aláìsàn fi sọ ọ́ ní Dókítà Àtàǹpàkò, ẹ̀yìn ló ń rí, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ojú. Ẹni tó bá ti dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ rí, ó lè kọjá níwájú rẹ̀ lọ́jà kí Dókítà má kí i. Ṣùgbọ́n kí onítọ̀hún kẹ̀yìn sí i, kíá ni á mọ̀ ọ́n, á tún sọ èwo nínú èjìká méjèèjì ló ń dùn ún. Ẹ̀yìn tó wà nínú kóòtù eérú yìí, ó mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Olùkọ́ Fẹ̀yìntì nìyẹn, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ tó máa ń wá sí ilé ìtọ́jú rẹ̀ nírọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tilẹ̀kùn, tí fìlà rẹ̀ máa ń bo ojú, tó máa ń fi owó ara rẹ̀ sanwó, tó sì ní òun ti kọ́ àwọn ọmọ níṣirò títí eérú fi bo òun lórí.

Olùkọ́ wo? Ọkùnrin yìí ò kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni níṣirò rí.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Ọ̀gá Àgbà wí, ohùn rẹ̀ há díẹ̀, "ṣé a ti mọra rí ni?"

Ẹnu rẹ̀ ń béèrè, ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Dókítà rí ẹ̀bẹ̀ náà kedere.

"Ẹ má bínú sà," ó dáhùn, ó sì tẹ orí ba. "Mo ṣì yín mú ni. Ẹ̀yìn yín ló jọ ti ẹnìkan."

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ ṣílẹ̀kùn, Ọ̀gá Àgbà wọlé, ó lọ. Ojú ti Dókítà débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ju ìtìjú lọ. Kókó tó máa ń wà lábẹ́ èjìká yẹn, tó le bí ekùrọ́, àtàǹpàkò rẹ̀ wá a wá a, kò bá a níbẹ̀.

"O ti ba nǹkan jẹ́ fún wa ká tó jókòó," ni Ìyá Ẹgbẹ́ ń kùn bí wọ́n ṣe ń gun òkè. "Àwọn èèyàn tó ti ń pè wá ní afọwọ́rani tẹ́lẹ̀!"

Ìyá Ẹgbẹ́ ló dàgbà jù nínú gbogbo àwọn tó ń fọwọ́ tún ẹ̀yìn ṣe nílùú, òun sì ni olórí wọn. Ọwọ́ rẹ̀ le bí irin, ẹnu rẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ló lo ọdún kan gbáko láti bẹ àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò kí wọ́n jẹ́ kí tọ̀tún-tòsì jọ jókòó sọ̀rọ̀, torí ìjà ọ̀hún ti pọ̀ jù. Bí aláìsàn bá ti gba ìtọ́jú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, adójútòfò á ní òun ò sanwó mọ́, bí onítọ̀hún ṣì ń rìn bí akàn. Àwọn dókítà wá ń pe àwọn adójútòfò ní adójútini. Àwọn adójútòfò náà ò dákẹ́ o. Wọ́n ní ẹni tó bá ti gorí bẹ́ẹ̀dì àwọn dókítà ẹ̀yìn, ó di ọmọ ilé, kò ní lọ mọ́ láyé.

Òní ni wọ́n fẹ́ parí ẹ̀. Bóyá wọ́n á máa bá àwọn èèyàn sanwó ìtọ́jú ẹ̀yìn lọ, bóyá wọ́n á yọ ọ́ kúrò pátápátá. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ilé ìtọ́jú Dókítà máa tì nìyẹn, nítorí àwọn tó ń wá síbẹ̀, awakọ̀ ni, bíríkìlà ni, alábàárù ni, kò sí èyí tó lè dá a san. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ọkùnrin tilẹ̀ ti bá a wá àyè sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta mátírẹ́sì. "Ìwọ tó o mọ̀ nípa ẹ̀yìn," ló wí, "wàá mọ̀ ọ́n tà."

Síbẹ̀, ẹ ò bá rí Dókítà láàárọ̀ yìí! Orin ló fi wẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, òun ló máa ń gba àwọn aláìsàn wọlé, wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ lọ gbé ni?" Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Bí ẹni méjì tó ń jà bá ti lè jókòó sídìí tábìlì kan, ó gbà pé ìdajì ìjà ti parí. Àfi ìgbà tí àtàǹpàkò rẹ̀ lọ sí ibi tí wọn ò rán an.

Yàrá ìpàdé tutù nini. Àwọn àga ibẹ̀ lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n Dókítà wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó mọ̀ pé ẹni tó ṣe wọ́n kò fẹ́ràn ọmọ èèyàn. Ọ̀gá Àgbà wà lórí ìjókòó alága, kò wo ibi tí Dókítà wà rárá. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so awò ojú mọ́ ọrùn ló jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Igbákejì rẹ̀ ni, òun ló ń yẹ gbogbo ẹ̀bẹ̀ owó ìtọ́jú àwọn aláìsàn wò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń bi èèyàn, torí náà Ìyáàfin Ẹ̀rí ni gbogbo ayé ń pè é lẹ́yìn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin dókítà," ló bẹ̀rẹ̀. "Mi ò bá yín jà. Àmọ́ ẹni tí apá rẹ̀ kán, wọ́n á tò ó, á jinná, á délé. Ẹni tí ibà ń ṣe, á lo oògùn, á délé. Ẹni tó bá gbé ẹ̀yìn wá sọ́dọ̀ yín, ìgbà wo gan-an ló ń délé?"

"Ẹ̀yìn kì í ṣe ibà, ọmọ mi," ni Ìyá Ẹgbẹ́ fèsì. "Ẹ̀yìn tó ti ń ru sìmẹ́ǹtì láti ìgbà èwe, ẹ fẹ́ kó sàn lọ́sẹ̀ mẹ́ta! Kí ìtọ́jú ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọlé sí i lára, ẹ ti ní ó tó. Ẹni tó ti ń bọ̀ lọ́nà ìwòsàn, ẹ̀yin lẹ ń dá a padà."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ mà. Ẹ̀rí dà?"

"Ẹ̀rí dà! Ẹ̀rí dà! Ẹ wá dùbúlẹ̀ kí n fi ẹ̀rí hàn yín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan fajúro. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ọ̀kan nínú àwọn adójútòfò ní ó dà bíi pé àwọn dókítà ń ta ìrètí ni. Ìyá Ẹgbẹ́ ní ó sàn kéèyàn máa ta ìrètí ju kéèyàn máa gba owó lọ́wọ́ aláìsàn lọ́dọọdún kó sì sá lọ lọ́jọ́ àìsàn. Tábìlì mì tìtì. Ìyáàfin Ẹ̀rí ò pariwo. Ó kàn gbé awò ojú rẹ̀ sójú.

"Ó dáa. Mi ò béèrè ohun tó le. Ẹ sọ ti ẹnìkan péré fún mi, ẹnìkan tí ẹ fẹnu ara yín sọ fún pé: ó ti tó, máa lọ sílé, má wá mọ́."

Àwọn dókítà ń wojú ara wọn.

Òótọ́ ọ̀rọ̀, bí ìsọ̀kò ni. Àwọn dókítà ẹ̀yìn kì í sọ bẹ́ẹ̀. Bí aláìsàn bá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ohun tí àwọn ọ̀gá wọn kọ́ wọn láti máa sọ ni "ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀". Ẹ̀yìn dà bí oko, wọ́n ní, kò sí ọjọ́ tí wọn kì í ro ó. Dókítà rántí ìyá aránṣọ kan tó ti ṣíwọ́ iṣẹ́, tó máa ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìgbà wo ni ìyá yẹn ti sọ pé nǹkan ń dun òun gbẹ̀yìn? Kò rántí. 

Ìyá Ẹgbẹ́ tẹ̀ sí i létí. "Ìwọ ò ní ẹnìkan ni? Ẹni ńlá kan, ẹni tí wọ́n á gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí wọ́n á sì dákẹ́?"

Áà! Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, ẹ sọ òótọ́ inú yín, kí lẹ bá ṣe? Ẹni ńlá náà ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn, tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí tábìlì. Ọ̀rọ̀ kan péré, ìjà parí. Ọ̀rọ̀ kan péré, kò sí mátírẹ́sì títà mọ́. Ọ̀rọ̀ náà wá, ó dúró lórí ahọ́n Dókítà, ó ń ta pọ́nún-pọ́nún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dojú délẹ̀ níwájú èèyàn, tó bọ́ra sílẹ̀, tí kò rí ọwọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ti fi ara rẹ̀ síni lọ́wọ́. Dókítà gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó dùn ún bí ẹni gbé egungun ẹja mì.

"Mi ò lè sọ̀rọ̀ aláìsàn mi níta, mà," ló sọ fún Ìyá Ẹgbẹ́. Ìyá Ẹgbẹ́ pòṣé ràn-ìn.

Ìgbà náà ni Ọ̀gá Àgbà gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wo Dókítà.

"Ẹ̀yin tí ẹ ṣì mí mú lẹ́ẹ̀kan. Báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀yìn ti sàn?"

"Àtàǹpàkò ló ń sọ ọ́, sà. Ibi tó bá ń dunni, ẹran ibẹ̀ á di, á le bí ekùrọ́. Bó bá ti sàn, ekùrọ́ yẹn á yọ́."

"Ìgbà wo ni àtàǹpàkò yín sọ bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn?"

Àwọn èèyàn tún rẹ́rìn-ín.  Dókítà mọ̀ pé bí òun bá dáhùn, Olùkọ́ Fẹ̀yìntì tó ń sanwó lójú ẹsẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ó sì mọ̀ pé ìbéèrè Ìyáàfin Ẹ̀rí tọ́ sí òun. 

"Láàárọ̀ yìí ni, sà."

"Láàárọ̀ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹnìkan wà tó ti ń wá sọ́dọ̀ mi láti ìgbà òjò. Nígbà tó kọ́kọ́ wá, kò lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà ara rẹ̀. Ọwọ́ mi kan ẹ̀yìn rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ekùrọ́ yẹn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti lọ ráúráú. Mi ò tíì ráyè sọ fún un ni. Bí a bá ti ríra, ohun tí màá sọ fún un ni pé kó máa lọ sílé, kó má wá mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ti sàn."

"Ẹ̀yìn mi ti sàn?"

Gbàà! Àga ṣubú. Ọ̀gá Àgbà ti wà lórí ìdúró.

"Lóòótọ́? Dókítà, ẹ má fi mí ṣeré o! Ṣé mo lè gbé ọmọ-ọmọ mi? Ó máa ń nawọ́ sí mi, màá máa ṣe bí ẹni tí ò rí i!" Kó tó di pé ẹnikẹ́ni fèsì, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan orí bàtà rẹ̀ tó ń dán, ó nàró, ó tún bẹ̀rẹ̀. "Ẹ wò ó! Ẹ ò rí i bí? Kò dùn mí! Mo rò pé ọ̀la ló máa tó dùn mí, mo ti ń rò bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ yìí!"

Inú kì í dùn ká pa á mọ́ra. Àfi ìgbà tó nàró lẹ́ẹ̀kẹta tó rí ojú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Ó rọra tún táì rẹ̀ ṣe. 

"Ẹ jẹ́ kí n wí tẹnu mi," ló sọ, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Èmi náà ni mo sọ níbí lọ́dún tó kọjá pé àwọn èèyàn yìí ń fọwọ́ pa èèyàn lára gba owó ni. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn mú mi. Mo lọ sọ́dọ̀ oníbí, mi ò rí ìwòsàn, mo lọ sọ́dọ̀ ọlọ́hùn-ún. Nígbà tó yá mo dé fìlà bojú, mo purọ́ pé olùkọ́ ni mí. Ojú ń tì mí. Ọkùnrin yìí mọ̀ mí nísàlẹ̀ láàárọ̀, ó ní òun ṣì mí mú."

Ìyá Ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń lu Dókítà lẹ́yìn, "Ìwọ ọmọ yìí! Ìwọ ọmọ yìí!" Ẹ̀rín náà ràn káàkiri tábìlì. Àwọn adójútòfò àti àwọn dókítà ń rẹ́rìn-ín pọ̀, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ìyáàfin Ẹ̀rí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lórí ìjókòó yẹn."

"Ṣé kí n dìde?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa níbí pé ẹni tọ́rọ̀ kàn kì í dá ẹjọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ti kàn yín. Ẹ ò lè dá a mọ́."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu gbogbo ilé. Ọ̀gá Àgbà wò ó, ó mi orí, ó sì lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí àlejò. Ìyáàfin Ẹ̀rí fa àga rẹ̀ síwájú.  Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, ọwọ́ ẹni tó le jù ni ọ̀rọ̀ bọ́ sí yìí.

"Dókítà, ẹ mọ ẹni tó jẹ́ láti ìsàlẹ̀?"

"Mo mọ ẹ̀yìn rẹ̀, mà."

"Ẹ sì mọ̀ pé bí ẹ bá ti dárúkọ rẹ̀, gbogbo wa á panu mọ́?"

"Mo mọ̀, mà."

"Kí ló dé tí ẹ ò dárúkọ rẹ̀?"

"Aláìsàn mi ni, mà."

Ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún gbé e sójú. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọdún kan," ló wí. "A óò máa sanwó fún ọdún kan, ká wò ó. A ò sì ní dá ìtọ́jú ẹnikẹ́ni dúró láàárín ọ̀nà mọ́ láìkọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀. Àṣìṣe tiwa nìyẹn, Ìyá, ẹ jàre níbẹ̀. Tiyín náà rèé. Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá gbà, ẹ óò sọ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ìgbà tí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti parí. Bó bá ti parí, ẹ óò fẹnu yín sọ ọ́. Ẹnìkan látọ̀dọ̀ wa á máa wá jókòó tì yín. Kò wá ṣọ́ yín o. Ó fẹ́ mọ iṣẹ́ yín ni."

Ìyá Ẹgbẹ́ bojú wẹ̀yìn wo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. "Ká máa fẹnu ara wa lé oníbàárà wa lọ," ló rọra wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ gbèrò rẹ̀ ná."

"Mo gbà," ni Dókítà Àtàǹpàkò wí.

"Àtàǹpàkò!"

"Mo gbà á, mà. Bí a bá lọ gbèrò rẹ̀, a ò ní gbà á."

Ìyá Ẹgbẹ́ wò ó bí ẹni fẹ́ lù ú. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ rẹ̀ tó le bí irin sọ́dà tábìlì, ó sì bọ Ìyáàfin Ẹ̀rí lọ́wọ́. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ náà fẹ́ẹ̀ ké.

Eré ni Dókítà fi sọ̀ kalẹ̀ nínú ilé náà, kò dúró de ẹ̀rọ. Ojú títì ló ti pe ìyàwó rẹ̀.

"Wọ́n gbà! Ìyá Ìbejì, wọ́n gbà!"

Ariwo tí obìnrin náà pa nínú fóònù mú kí ẹni tó ń kọjá lọ wẹ̀yìn. "Mo ti sọ! Ṣé mi ò sọ? Màá pe ẹ̀gbọ́n mi báyìí, màá ní kó máa dá ta mátírẹ́sì ẹ̀ lọ! Ẹ tètè máa bọ̀, àwọn èèyàn ti kún ibí. Màmá Aránṣọ ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì."

Dókítà fẹsẹ̀ rọra rìn láti ibẹ̀ dé ilé ìtọ́jú.

Ìyá náà ti dojú délẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó ti ń sọ ìtàn kan lọ fún ìrọ̀rí. Dókítà fọ ọwọ́. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti ọrùn dé ìbàdí, ó rọra tẹ̀ ẹ́, ó tún padà. Kò sí nǹkankan níbẹ̀. Ẹ̀yìn náà rọ̀ bí ti ọmọdé.

"Ẹ dìde jókòó, mà."

"Ó ti yá tó báyìí?"

"Màmá, ẹ̀yìn yín ti sàn. Ó ti tó. Ẹ ò nílò láti wá mọ́."

Ìyá náà jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀. 

"Mo mọ̀," ló wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ ò mọ̀." Ó ń fi ọwọ́ na ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀. "Ilé mi dákẹ́ jù ni, ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ náà gún Dókítà lọ́kàn. Ó kù díẹ̀ kó sọ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó di ẹnu rẹ̀ mú. Ó bá a mú bàtà rẹ̀ wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún un, ó dì í lọ́wọ́ mú dé ẹnu ọ̀nà.

Ìyá náà jáde síbi tí àwọn èèyàn ti ń dúró. Kò lọ sílé. Ó wo awakọ̀ kan tó ká kò lórí bẹ́ǹṣì, tó ń ṣẹ́jú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó jókòó tì í, ó gbé àpò rẹ̀ lé itan.

"Má bẹ̀rù," ló sọ fún un. "Bó o bá gbọ́ ọ tó dún pá, eegun ẹ ò kán. Èmi náà ké lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ mélòó lo bí?"

Awakọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn. Dókítà jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ kó tó pè é wọlé.